Ṣé ọwọ́ ọmọ mi ló ń ṣe àrùn tó pa bàbá rẹ̀?

Ìbéèrè: Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ẹ̀pẹ́ ni mo ń gbé. Ọdún 1998 ni ọkọ mi kú. Dókítà sọ pé jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní CML. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni àbígbẹ̀yìn wa nígbà náà. Ó ti dàgbà báyìí, ó wà nílẹ̀ òkèèrè níbi tó ti ń ṣe ìwádìí. Lóṣù tó kọjá ó pè mí, ó ní iṣẹ́ òun ni kí òun gé kurómósómù 9 àti 22 nínú sẹ́ẹ̀lì tí kò lárùn, kí wọ́n lè pààrọ̀ ara, kí sẹ́ẹ̀lì náà di irú èyí tó pa bàbá òun. Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Ṣé èèyàn máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ dá àrùn sílẹ̀ ni? Ṣé kò ní ràn án? Kí ló dé tí wọn ò kàn yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ti ní in wò? Ṣé kí n ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀?

Ìdáhùn:

Màmá, mo kí yín, ẹ kú àìsùn, ẹ sì kú ìrántí Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìbéèrè yín kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni èmi náà, etí ọ̀sà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, irú iṣẹ́ tí ọmọ yín ń ṣe yìí sì ni mo ń ṣe jẹun. Ìdáhùn mi á gùn, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fi gbólóhùn méjì sọ. Ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń gbà yín lóorun: kò lè ràn án bí ibà tàbí ikọ́ ṣe ń ràn, kò sì jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Màá ṣàlàyé méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ Bàbá bẹ̀rẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì ara èèyàn, kurómósómù 46 ló wà: a gba 23 lọ́dọ̀ bàbá, a gba 23 lọ́dọ̀ ìyá. (Ọdún 1956 ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á dáadáa pé 46 ni. Ṣáájú ìgbà náà, 48 ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé.) Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn gan-an ni kurómósómù. Ara rẹ̀ ni ìlànà gbogbo iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe wà. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí a gbà lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo tó bílíọ̀nù 3 lẹ́tà. Apá okùn náà tó ní ìlànà iṣẹ́ kan nínú là ń pè ní jíìnì.

Okùn yìí máa ń já. Ojoojúmọ́ ló ń já nínú ara gbogbo wa, sẹ́ẹ̀lì sì ní àwọn atúnṣe tirẹ̀ tó ń so ó padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń rí àwọn apẹja wa tí wọ́n jókòó sétí omi tí wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe, èyí kò ní ṣòro fún yín. Bí okùn kan bá já, orí méjì ló wà nílẹ̀, kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣì í so. Bí okùn méjì bá já pa pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, orí mẹ́rin ló wà nílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá wá ń ṣú, tí ọwọ́ ń kánjú, wọ́n lè mú orí okùn kan so mọ́ ìdí èkejì. Lójú, àwọ̀n náà ti pé. Ọjọ́ tí wọ́n bá jù ú sómi ni wọ́n á tó mọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú mùdùnmúdùn eegun Bàbá nìyẹn, nínú sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan ṣoṣo. Kurómósómù 9 já níbi jíìnì tí wọ́n ń pè ní ABL1, 22 já níbi èyí tí wọ́n ń pè ní BCR, wọ́n sì pààrọ̀ ìdí. Òṣìṣẹ́ tó máa ń dúró gba àṣẹ ni ABL1: bí wọ́n bá ní kó ṣe, á ṣe, bí wọ́n bá ní ó tó, á dáwọ́ dúró. Nígbà tó lẹ̀ mọ́ BCR, kò gbọ́ "ó tó" mọ́. Tọ̀sán-tòru ló ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó pín, ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin, títí sẹ́ẹ̀lì funfun fi kún inú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní CML fi máa ń rù, tí òógùn máa ń bò ó lóru, tí inú rẹ̀ sì máa ń wú lápá òsì lábẹ́ ìhà.

Mùdùnmúdùn eegun ló ti ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn tí Bàbá ti dàgbà. Kò sí nínú àtọ̀ tó fi bí ọmọ, nítorí náà kò sí bí ọmọ yín ṣe lè jogún rẹ̀. Kò sì sí ẹni tó ṣe é. Mo mọ ohun tí ẹnu aráyé máa ń sọ nígbà tí ọkùnrin tó lágbára bá ń rù lójú wọn, mo sì mọ̀ pé aya olóògbé ni ọ̀rọ̀ náà máa ń balẹ̀ lé lórí. Kì í ṣe ohun tí ẹ sè fún un, kì í ṣe èpè. Ohun kan tí a mọ̀ dájú pé ó ń mú kí CML pọ̀ láàárín àwọn èèyàn ni ìtànṣán alágbára, bí irú èyí tó ba àwọn tó yè nínú bọ́ǹbù Hiroshima. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn aláìsàn CML kò sún mọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí. Okùn já, wọ́n sì ṣì í so.

Báwo la ṣe mọ gbogbo èyí? Ní 1960, ní ìlú Philadelphia l'Amẹ́ríkà, Peter Nowell àti David Hungerford rí kurómósómù kan tó kéré ju bó ṣe yẹ lọ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní CML. Orúkọ ìlú náà ni wọ́n fi ń pe kurómósómù yẹn títí dòní. Ohun tí ọ̀pọ̀ rò nígbà náà ni pé apá kan rẹ̀ ti sọnù. Ní 1973, Janet Rowley ní Chicago fi hàn pé kò sọnù rárá: ó ti lọ lẹ̀ mọ́ 9. Ìtàn obìnrin yìí wọ̀ mí lọ́kàn. Ọmọ mẹ́rin ló bí, gbogbo wọn ọkùnrin, nítorí wọn ni kì í fi í lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Orí tábìlì tí wọ́n ti ń jẹun nílé ló ń tẹ́ fọ́tò kurómósómù sí, tó ń fi sísọ́ọ̀sì gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń tò wọ́n ní méjì méjì, tó ń wò wọ́n títí ojú rẹ̀ fi ṣí sí i. Àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń sọ pé bèbí oníbébà ni ìyá àwọn ń gé. Ìyá yẹn gé fọ́tò. Ọmọ yín ń gé okùn náà gan-an. Ìbéèrè kan náà ni àwọn méjèèjì ń bi í.

Mo dé ibi tí ìbéèrè yín ti wúwo jù lójú mi: kí ló dé tí wọn ò kàn yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wò? Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, Màmá, ohun gbogbo tí a mọ̀ ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó níbi tó lè mú wa dé. Ẹ fojú inú wo ọjà Olúwo lọ́jọ́ tí pọ́ọ̀sì ìyá ẹlẹ́ja kan sọnù. Alábàárù wà nídìí àtẹ, oníbàárà wà níbẹ̀, ọmọ tó wá gba ṣéńjì wà níbẹ̀. Wíwà níbẹ̀ kò sọ ẹnikẹ́ni nínú wọn di olè. Bẹ́ẹ̀ ni inú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ rí. Nígbà tí aláìsàn bá fi máa dé iwájú dókítà, sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún ti pín láìmọye ìgbà. Okùn ti já níhìn-ín, ó ti já lọ́hùn-ún, kurómósómù kan ti di mẹ́ta, òmíràn ti pòórá. Èwo ló dá àrùn sílẹ̀? Èwo ló kàn bá a rìn? Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kò lè dáhùn, nítorí ìparí ìtàn ló ń fi hàn wá. Ìbẹ̀rẹ̀ ni a fẹ́ mọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ náà sì ti ṣẹlẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn nínú sẹ́ẹ̀lì kan tí ẹnikẹ́ni kò rí.

Ọ̀nà tó dá mi lójú ni kí a mú sẹ́ẹ̀lì méjì tó jọra bíi Táyé àti Kẹ́hìndé. Ara ẹnì kan náà ni wọ́n ti wá, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ, inú ooru kan náà ni wọ́n wà. A ó wá fọwọ́ kan Táyé níbì kan ṣoṣo, a ó fi Kẹ́hìndé sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí Táyé bá bẹ̀rẹ̀ sí í hùwà bíi sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí Kẹ́hìndé kò sì ṣe bẹ́ẹ̀, a ti mọ olè. Bí àwọn méjèèjì bá ń ṣe bákan náà, a ti ń na aláìṣẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Ìdí tí ọmọ yín fi ń "ṣe" àrùn nìyí. Ẹni tí kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ kò tíì lè búra pé òun mọ ohun tó fà á.

Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń gbìyànjú rẹ̀. Ní 1990, George Daley, Richard Van Etten àti David Baltimore fi fáírọ́ọ̀sì gbé jíìnì BCR-ABL (BCR àti ABL1 tó ti lẹ̀ pọ̀) wọ mùdùnmúdùn eegun èkúté, àwọn èkúté náà sì ní àrùn tó jọ CML. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀ kò rí bó ṣe rí nínú ara Bàbá. Jíìnì àfikún ni wọ́n jù sínú sẹ́ẹ̀lì: ibi tó bá bọ́ sí ni á wà, agbára tí fáírọ́ọ̀sì bá fún un ni á fi ṣiṣẹ́, gbogbo kurómósómù tí sẹ́ẹ̀lì ní tẹ́lẹ̀ sì wà ní pípé. Nínú ara Bàbá kò sí àfikún kankan. Ohun tó wà nílẹ̀ ló ṣípò padà. Ojúlówó ABL1 tó yẹ kó jẹ́ méjì ku ẹyọ kan, ojúlówó BCR náà ku ẹyọ kan, àjákù tó sì ṣẹ́ kù sára kurómósómù 9 wà níbẹ̀ tí a kì í sábà bi í léèrè ohunkóhun. Ìyàtọ̀ yìí kò kéré lójú ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́.

CRISPR ló wá jẹ́ kí a lè ṣe é bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Ara bakitéríà la ti rí i. Ohun ìjà tí bakitéríà fi ń gé fáírọ́ọ̀sì tó bá wá bá a jà ni. Ní 2012, Emmanuelle Charpentier àti Jennifer Doudna pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn pé a lè darí rẹ̀ lọ síbi tó bá wù wá, ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì sì tẹ obìnrin méjèèjì lọ́wọ́ ní 2020. Ohun méjì ni wọ́n so pọ̀. Ọ̀kan ni Cas9, purotéènì tó ń ṣiṣẹ́ sísọ́ọ̀sì. Èkejì ni RNA, okùn kékeré kan tí lẹ́tà wà lára rẹ̀ bíi ti kurómósómù, tó jẹ́ afọ̀nàhàn rẹ̀. Nǹkan bí lẹ́tà 20 la máa ń kọ sí ara afọ̀nàhàn yìí. Ibi tí lẹ́tà náà bá ti bá ti DNA, ìyẹn okùn inú kurómósómù, mu, tí àmì kékeré kan sì tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni sísọ́ọ̀sì á ti gé. Olùkọ́ ni yín: ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ fún ọmọ kíláàsì yín ní gbólóhùn kan, ẹ ní kó wá a jáde nínú gbogbo ìwé tó wà ní ilé ìkàwé, kó sì gé ìwé náà síbi gbólóhùn yẹn gẹ́lẹ́.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ibì kan ṣoṣo ni àwọn tó ń fi CRISPR tọ́jú àrùn máa ń gé. Bẹ́ẹ̀ ni Casgevy, ìtọ́jú fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tí ìjọba Britain àti ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ìparí 2023. (Ó dùn mí pé owó rẹ̀ l'Amẹ́ríkà ju mílíọ̀nù 2 dọ́là lọ fún ẹnì kan, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ tiwa níbí ni àrùn náà pọ̀ sí.) Ti ọmọ yín yàtọ̀. Afọ̀nàhàn méjì ló ń rán lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan sórí 9, ọ̀kan sórí 22. Orí okùn mẹ́rin wá wà nílẹ̀. Kì í ṣe òun ló ń so ó. Atúnṣe inú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ń so ó, bó ṣe so ti Bàbá. Ní 2014 ni àwọn olùwádìí ní Spain fi ọ̀nà yìí mú kí 11 àti 22 pààrọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì èèyàn. Pípààrọ̀ yẹn ló wà nídìí Ewing sarcoma, jẹjẹrẹ tó máa ń mú eegun àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Wọ́n tún ṣe ti 8 àti 21, tó ń fa irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Janet Rowley kan náà ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe pípààrọ̀ 8 àti 21 yẹn.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe le tó, nítorí mo mọ̀ pé àwọn ọmọ kì í sọ ìyẹn fún ìyá wọn lórí fóònù. Atúnṣe inú sẹ́ẹ̀lì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá gé e tán, 9 ló máa ń so padà mọ́ 9, 22 ló máa ń so mọ́ 22. Lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tó máa pààrọ̀ kì í tó ẹyọ kan nínú 100 sẹ́ẹ̀lì. Ìrànlọ́wọ́ kan wà: kurómósómù kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ní ibi tó máa ń gúnlẹ̀ sí, àwọn tó bá ń gúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni okùn wọn máa ń lọ́ pọ̀. 9 àti 22 sún mọ́ra nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń di ẹ̀jẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn wà lára ìdí tó fi jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló ń bá ara wọn pààrọ̀ níbẹ̀.

Ó kù kó wá ẹyọ kan yẹn jáde láàárín ọgọ́rùn-ún. Á ta àwọ̀ pupa sí ABL1, á ta àwọ̀ ewé sí BCR, á jókòó sínú òkùnkùn nídìí máíkírósíkóòpù. Nínú sẹ́ẹ̀lì tí kò yí padà, pupa wà lọ́tọ̀, ewé wà lọ́tọ̀. Níbi tí wọ́n ti pààrọ̀, pupa àti ewé á gun ara wọn, wọ́n á di àwọ̀ ìyeyè. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ìyeyè yẹn nínú sẹ́ẹ̀lì tí mo fọwọ́ ara mi gé, mo dìde lórí àga, mo rìn yí yàrá ká. Lẹ́yìn náà á mú sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan, á máa tọ́ ọ títí á fi di ọ̀pọ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó kan nìyẹn. Á ka lẹ́tà ibi tí okùn ti so pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Á tún ṣe Kẹ́hìndé ju ọ̀kan lọ: sẹ́ẹ̀lì tó gé ní 9 nìkan, èyí tó gé ní 22 nìkan, èyí tó fún ní sísọ́ọ̀sì tí kò fún ní afọ̀nàhàn. Bó bá sọ fún yín pé òun ò ráyè pè lópin ọ̀sẹ̀, òótọ́ ló ń sọ.

Ọ̀nà yìí kò mọ sórí ẹ̀jẹ̀. Ní 2007, ẹgbẹ́ Hiroyuki Mano ní Japan rí i pé nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró àwọn kan, apá kan kurómósómù 2 tó ju mílíọ̀nù 10 lẹ́tà lọ ti dojú kọ ẹ̀yìn, tí jíìnì EML4 fi lẹ̀ mọ́ ALK. Ní 2014, àwọn olùwádìí gbé sísọ́ọ̀sì CRISPR wọ inú ẹ̀dọ̀fóró èkúté, wọ́n gé ibi méjì tó bá a mu, kókó jẹjẹrẹ sì hù níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún àwọn èkúté náà ní crizotinib, oògùn tí àwọn aláìsàn ti ń lò láti 2011, kókó náà súnkì. Ẹ wo èyí dáadáa: àrùn tí wọ́n fọwọ́ ṣe gbọ́ oògùn tí ojúlówó àrùn ń gbọ́. Ẹ̀rí nìyẹn pé àwòkọ náà jọ ohun tó wò kọ. Iye kurómósómù náà ń kọ́? Láti 1914 ni Theodor Boveri ní Jámánì ti sọ pé kurómósómù tó bá pọ̀ jù tàbí tó dín lè wà nídìí jẹjẹrẹ, kò sì rí bí á ṣe dán an wò lára èèyàn. Ní 2023 ni ẹgbẹ́ kan ní Yunifásítì Yale lo CRISPR láti yọ apá gígùn kurómósómù 1 tó jẹ́ àfikún kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kò sì lè hu kókó lára èkúté bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ láàárín ọ̀rọ̀ àti ẹ̀rí.

Mi ò ní fi ibi tí iṣẹ́ náà ti ń mẹ́hẹ pamọ́ fún yín. Sísọ́ọ̀sì lè ṣìnà lọ gé ibi tí lẹ́tà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ibi tí a rán an. Ní 2021, wọ́n fi hàn pé gígé ẹ̀ẹ̀kan péré lè mú kí kurómósómù fọ́ wẹ́wẹ́, kó sì tún so pọ̀ gátagàta. Èyí tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi jù ni ti p53, purotéènì tó jẹ́ olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí okùn bá já nínú sẹ́ẹ̀lì tó ní ìlera, p53 á ní kí gbogbo iṣẹ́ dúró ná. Nítorí náà, sẹ́ẹ̀lì tó bá ń yára dàgbà lẹ́yìn tí a gé e lè jẹ́ èyí tí olùṣọ́ rẹ̀ ti sùn tẹ́lẹ̀. Èèyàn á rò pé BCR-ABL ló fún un lágbára, àṣé ẹnu ọ̀nà ló ṣí sílẹ̀. Èkúté náà kì í ṣe èèyàn: ABL1 tiwa wà lórí 9, tiwọn wà lórí 2, BCR tiwa wà lórí 22, tiwọn wà lórí 10. Fún CML, mo gbà pé inú sẹ́ẹ̀lì èèyàn ló yẹ kí a ti gé e, bí ọmọ yín ṣe ń ṣe.

Ti pé ṣé ó lè ràn án. Sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú àwo rẹ̀ kò lè fò, kò lè gba inú afẹ́fẹ́ wọlé. Bó bá tilẹ̀ kàn án lára, ara rẹ̀ á mọ̀ ọ́n sí àlejò, á sì pa á, bí ara ṣe ń kọ kíndìnrín ẹlòmíràn bí wọn ò bá fún un ní oògùn. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé abẹ́rẹ́ tó ní sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ gún òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí kan lọ́wọ́, tí kókó kékeré sì hù níbẹ̀. Wọ́n gé e kúrò. Wọ́n kọ ọ́ jáde ní 1986, torí pé ó ṣọ̀wọ́n ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Ohun tó yẹ kí ó ṣọ́ra fún ni abẹ́rẹ́, àti fáírọ́ọ̀sì tí a fi ń gbé sísọ́ọ̀sì wọ sẹ́ẹ̀lì, torí pé òun ni wọ́n ṣe láti lè wọ sẹ́ẹ̀lì. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń yọ agbára àtibímọ kúrò lára irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀, tí a ń wọ ìbọ̀wọ́, tí a sì ń ṣiṣẹ́ nínú àpótí tó ń fa afẹ́fẹ́ sínú.

Èyí tó tẹ̀ lé e yìí ṣòro fún mi láti kọ sí yín, ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ̀tọ́ sí i. Ní oṣù kẹfà ọdún 1998, ọdún tí Bàbá lọ, ni dókítà Brian Druker bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó ní CML ní oògùn kan l'Amẹ́ríkà láti dán an wò. Imatinib ni orúkọ oògùn náà báyìí. Ó máa ń wọnú ihò kékeré kan lára BCR-ABL, á jókòó síbẹ̀, òṣìṣẹ́ tí kò gbọ́ "ó tó" á sì dákẹ́. Ọdún 2001 ni wọ́n fọwọ́ sí i níbẹ̀. Nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀, nǹkan bí 83 nínú 100 àwọn tó fi í bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún 10. Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aláìsàn CML ti gba oògùn yìí lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe ní 1998 tí ẹ kò ṣe. Oògùn náà kò tíì sí lórí àtẹ nibikíbi láyé.

CRISPR kọ́ ló bí imatinib, mi ò ní parọ́ fún yín. Mímọ̀ dájú pé BCR-ABL ni olè ló bí i, ìmọ̀ yẹn sì gbà tó ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láti 1960. Ohun tí CRISPR ń ṣe ni pé ó ń dín ọgbọ̀n ọdún yẹn kù fún àwọn àrùn tó kù. Ti CML gan-an kò tíì parí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan máa ń sá pamọ́ sínú mùdùnmúdùn eegun, tó fi jẹ́ pé nínú àwọn tí àrùn wọn ti lọ sílẹ̀ gan-an tí dókítà sì ní kí wọ́n dá oògùn dúró, ó máa ń padà sára nǹkan bí ìdajì. Nínú àwọn mìíràn, ìyípadà ẹyọ lẹ́tà kan máa ń dí ihò tí imatinib ń jókòó sí. Bí a bá ní Táyé tí a mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, a lè kó ìyípadà náà lé e lórí lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀kan, ká sì wo ohun tó lè pa á. A kò lè ṣe ìyẹn lára aláìsàn.

Èmi náà ní ìdí tí mo fi wọ iṣẹ́ yìí. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń wú. Ìta ilé ni gbogbo wa ti jọ ń ṣeré, títí ó fi di pé kò lè jẹun mọ́. Ìgbà tí mo dé yunifásítì ni mo ka ohun tí Denis Burkitt kọ ní 1958 nípa àwọn ọmọ tó tọ́jú ní Kampala, tí mo sì dá àpèjúwe ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn mọ̀. Ibi tí ibà ẹ̀fọn ti ń bá ọmọdé jà ni àrùn náà ti pọ̀. Nínú rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, kurómósómù 8 àti 14 ló pààrọ̀. Jíìnì MYC tó wà lórí 8 kò bàjẹ́, kò di nǹkan mìíràn. Wọ́n kàn lọ so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ jíìnì tó ń ṣe ohun ìjà ara, níbi tí iṣẹ́ kì í ti í dáwọ́ dúró. Ọ̀dọ̀ tiwa ni àrùn yìí wà jù. Ó yẹ kí àwọn tó ń gé okùn láti mọ ìdí rẹ̀ pọ̀ ní Ìbàdàn àti ní Èkó.

Nítorí náà, Màmá, ẹ má ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bó bá tún pè, ẹ bi í pé: "Kẹ́hìndé rẹ ń kọ́?" Bó bá ní kí lẹ̀ ń sọ, ẹ ní sẹ́ẹ̀lì tí kò gé ni ẹ ń béèrè. Inú rẹ̀ á dùn. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ bí àìsàn Bàbá ṣe bẹ̀rẹ̀ fún un: oṣù tó kọ́kọ́ ń rẹ̀ ẹ́, ìgbà tí ẹ rí i pé bẹ́líìtì rẹ̀ kò bá a mu mọ́, ohun tó sọ nígbà tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà yẹn. Kò sí ẹlòmíràn tó lè sọ ọ́ fún un.